Ọjọ́ Tí Mi Ò Dé Oǹdó

Ẹ má tíì dìbò. Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn Kòkó, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa, kí ẹ gbọ́ tèmi. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ nínú ara wọn pé Bàbá Adépọ̀jù tún ti dìde, ilẹ̀ á ṣú. Ẹ ò parọ́, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí, mi ò sọ ọ́ rí. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi títí ó fi kú, mi ò sọ ọ́ fún àlùfáà ìjọ wa, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè gbé e wọ sàréè. Dókítà ti pe Motúnráyọ̀ ọmọ mi, tó jókòó tì mí yìí, sí kọ̀rọ̀, ó ní ọkàn mi ti wú. Wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Ẹni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò bá sọ òtítọ́, ìgbà wo ló fẹ́ sọ ọ́?

Láti àárọ̀ ni a ti ń jiyàn lórí ẹ̀yìn wa tó ń jò bí ajere. Ẹ ní ká wá nọ́mbà fáìfù tuntun tó máa dí ẹ̀yìn náà, òótọ́ ni. Kóòṣì ẹgbẹ́ wá dárúkọ Ọláńrewájú, ọmọkùnrin gíga yẹn láti Oǹdó, ni gbogbo ilé bá pariwo: “Ọmọ Gbémiga kẹ̀? Ọmọ ọ̀dàlẹ̀! Ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ burúkú!” Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ pariwo yẹn, wọn ò tíì bí yín nígbà tí bàbá ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù fún wa. Orúkọ rẹ̀ lásán lẹ bá láyé. Ẹni tó bá já èèyàn kulẹ̀ ní Àkúrẹ́, a ó ní ó ṣe Gbémiga fún un. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ kéékèèké tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìjàpọ̀ Estate lóṣù tó kọjá, ó sì dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Nítorí èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí yín lẹ́nu. Irọ́ ni. Irọ́ mi ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí wọ́n fagi lé ìdìbò ààrẹ ni mò ń sọ. Ẹ̀yin àgbà á rántí. Epo bẹntiróòlù di ohun àwátì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbé ọkọ́ lọ sí Ìlú Àbọ̀ lọ roko nítorí owó oṣù ò jáde, ẹni tó ń jẹ ẹran tẹ́lẹ̀ ń fi pọ̀nmọ́ tan ara rẹ̀. Bọ́ọ̀lù nìkan ló kù fún wa, Kòkó náà sì ń fi ojú wa rí màbo. Ẹgbẹ́ tó bá ti wá, á gbá gọ́ọ̀lù sí wa nínú, á sì wọkọ̀ lọ sílé. Ìdí pátákó Lawrence ni a ti máa ń lọ sunkún rẹ̀ láràárọ̀. Lawrence nìyẹn lókè yẹn, tí ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ìwé ìròyìn ló ń tà ní oríta Ìsìkàn. Àbí mo ní ó ń tà? Ta ló lówó tó fi ń ra ìwé ìròyìn nígbà náà? Kíkà lófẹ̀ẹ́ ni. A ó dúró yí pátákó ká, a ó ka àkọlé, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀, Lawrence á máa bú wa pé itọ́ ẹnu wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọjà òun jẹ́.

Èmi ni ọ̀gá wọn níbẹ̀. Awakọ̀ takisí ni mí, Píjò ni mò ń wà, àmọ́ Kóòṣì Ìsìkàn ni gbogbo ayé ń pè mí. Tí mi ò bá tíì dé, àríyànjiyàn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń kò mí lójú ni Sherifat onídìrí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Á fi ìyarun sínú irun oníbàárà, á jáde wá já mi ní irọ́, á tún padà lọ dirun. Mo ti wí fún gbogbo wọn pé ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan wà ní Ọ̀wọ̀, òun ni kí wọ́n lọ mú wá dí ẹ̀yìn wa. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ò gbọ́ tèmi. Oǹdó ni wọ́n lọ, wọ́n sì mú Gbémiga bọ̀, ọmọ ogún ọdún, akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìpẹja. Mo rí i, mo bú sẹ́rìn-ín. “Èyí? Èyí tí atẹ́gùn lè gbé?” Sherifat dáhùn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: “Adépọ̀jù, ṣé ìjàkadì la fẹ́ jà ni? Ọpọlọ ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe ikùn.” Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára, kò sì jáde mọ́.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dé, orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí, wọ́n sì nà wá nílé wa. Ẹ mọ ìwà wa. Ìyàwó tuntun ni o, ayálégbé tuntun ni o, ẹsẹ̀ tó fi wọlé la kọ́kọ́ máa ń wò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo dé ìdí pátákó, mo ní, “Ẹ ò rí i? Ẹsẹ̀ ọmọ Oǹdó yìí ò dára.” Sherifat fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè: “Ọmọ tí kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ kan pápá!” Mo ní ìjókòó rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì náà tó. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí èmi kọ́ ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gbilẹ̀ nìyẹn. Mo rí i pé ó ń gbilẹ̀, inú mi sì dùn. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Wọ́n wá fi í sínú eré. Olúwa mi! Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀. Títí di òní, tí mo bá rántí ọjọ́ yẹn, gbogbo irun ara mi a máa dìde. Ẹgbẹ́ tó wá bá wa ní agbábọ́ọ̀lù iwájú kan tí eré ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dẹ́rù ba gbogbo gólì. Ọkùnrin náà já gbogbo àwọn tiwa sílẹ̀, ó ku òun àti Gbémiga nìkan. A dìde, a gbé ọwọ́ lérí, nítorí a mọ bó ṣe máa ń parí. Gbémiga ò sáré pàdé rẹ̀. Kò ju ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń rọra fi ẹ̀yìn rìn, ó ń wo bọ́ọ̀lù, kò wo ojú ọkùnrin náà rárá, àfi bíi pé ẹnì kan ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Lẹ́yìn náà ló na ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì gba bọ́ọ̀lù bí ìyá ṣe máa ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, jẹ́jẹ́, kí ọmọ má fara pa. Ọkùnrin náà ṣì ń sáré lọ kó tó mọ̀ pé òun ò ní nǹkan kan lẹ́sẹ̀ mọ́. Gbémiga gbójú sókè, ó wo ìhà ọ̀tún, ó sì fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́. Ariwo tí ẹgbàágbèje èèyàn pa, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé mi.

Omi bọ́ lójú mi. Mo ń sọ òtítọ́, omi bọ́ lójú mi níbi tí mo dúró sí. Mo ti ń wo bọ́ọ̀lù láti kékeré, mi ò mọ̀ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara lè mọ nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Bíi kí n kúnlẹ̀ ló ṣe mí. Lawrence dì mọ́ mi, ó ń pariwo: “Kóòṣì, kí lo rí sí i? Kóòṣì, sọ̀rọ̀!” Mo la ẹnu mi, mo sì sọ pé, “Oríire ni.” Ẹ wò mí dáadáa. Mo fi ojú mi méjèèjì rí ẹ̀bùn Ọlọ́run, mo pè é ní oríire, nítorí kí Sherifat má baà fi mí rẹ́rìn-ín lọ́la.

Bí sáà ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ń gbé wa bọ̀ láti inú kòtò. Gbogbo ìlú yọ̀. Lójú gbogbo ayé, èmi náà ń pàtẹ́wọ́, àmọ́ nínú ikùn mi mò ń retí kó ṣubú. Tó bá gba bọ́ọ̀lù tí pápá mì tìtì, ẹ̀rù á bà mí fún ọgbọ́n tí mo rí, ìbínú á sì gbé mi. Ó wá di pé ó wù mí kí ọ̀rọ̀ mi ṣẹ ju kí ẹgbẹ́ mi borí lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù, ẹ yẹ ara yín wò. Àìsàn yẹn ò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ó ku eré kan ṣoṣo. Tí a bá ta ọ̀mì lásán, a ó ṣì wà ní ìpele àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá nà wá, a jábọ́ sí ìpele kejì nìyẹn. Ní ọjọ́ tó ṣáájú eré náà, Lawrence mú mi nídìí pátákó, ó ní, “Kóòṣì, tí Gbémiga bá kó wa yọ lọ́la ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi: “Tó bá kó wa yọ, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lẹ́nu mi nídìí pátákó yìí fún odidi sáà kan.” Háà! Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jó. Sherifat ní òun máa ra súìtì fún gbogbo Ìsìkàn lọ́jọ́ tí Adépọ̀jù bá pa ẹnu dé. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Àmọ́ nígbà tí mo délé, mo jókòó, mo wá ń rò ó: èmi Kóòṣì Ìsìkàn, kí n dúró bí odi, kí àwọn yẹn máa sọ̀rọ̀ lójú mi?

Ara ìyá Gbémiga ò yá lọ́sẹ̀ náà, ọmọ náà sì ti lọ tọ́jú rẹ̀ ní Oǹdó. Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ò ní epo. Alága wa ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá epo jọ sínú ọkọ̀ mi kí n lọ gbé e wá, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí i pé kó máa retí mi. Ẹ mọ bí epo ṣe rí nígbà yẹn. Ẹnì kan fa díẹ̀ látinú ọ̀kadà rẹ̀, ẹlòmíì mú ti jẹnẹrétọ̀ wá, Sherifat lọ jí ti ọkọ rẹ̀ fà. Wọ́n ń rọ ọ́ sínú táǹkì mi, wọ́n ń gbàdúrà lé e lórí. Alága ní, “Adépọ̀jù, ọwọ́ rẹ ni ìlú yìí wà.” Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Mo gba ọ̀nà Oǹdó lọ láàárọ̀ Sátidé. Mo dé Ọ̀wẹnà, láàárín ọ̀nà, mo dúró. Mo sọ fún ara mi pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná, kí n jẹ́ kó tutù. Irọ́ ni, kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà. Mo ra iṣu sísun, mo jókòó sábẹ́ igi, mo ń jẹ ẹ́. Ẹnì kan nínú mi ń sọ pé, “Dìde, ọmọ ọlọ́mọ ń dúró dè ọ́.” Ẹnì kejì ní, “Jẹ iṣu rẹ.” Mo jẹ iṣu náà tán. Lẹ́yìn náà mo wọ ọkọ̀, mo yí i, mo sì kọjú sí Àkúrẹ́. Mi ò dé Oǹdó lọ́jọ́ náà rárá. Ẹ gbọ́ o? Mi ò dé ibẹ̀.

Wọ́n sáré pàdé mi ní ẹnu ọ̀nà pápá. “Òun dà?” Mo sọ̀ kalẹ̀, mo mi orí mi bí ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn. Mo ní, “Mo délé wọn. Ó ní òun ò bọ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jù, àmọ́ àwọn tó fẹ́ ká jábọ́ ti lọ rí i kí n tó dé ibẹ̀.” Ẹ wo bí mo ṣe to irọ́ náà. Mi ò sọ pé ó gba owó. Mo kàn fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, àwọn fúnra wọn ló wọlé. Sherifat nìkan ló wò mí títí, tó ní, “Gbémiga? Gbémiga yìí?”

Nígbà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ apá kejì eré, wọ́n ti gbá gọ́ọ̀lù sí wa nínú. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì kékeré, mo gbé Motúnráyọ̀ sí èjìká, kò tíì tó ọmọ ọdún méje, ẹ̀pà ló ń jẹ, èèpo rẹ̀ ń já bọ́ sí mi lórí. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo rí i. Gbémiga ni! Ó ń ti kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ ti bẹ́, erùpẹ̀ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà lọ́rùn. Ọmọ náà ti dúró dè mí títí, nígbà tó sú u, ó yá kẹ̀kẹ́, ó gùn ún bọ̀ láti Oǹdó. Nígbà tí táyà bẹ́, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọ̀nà yẹn, kó fọkàn yàwòrán rẹ̀. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí mi. Kò ráyè kí mi, wọ́n ti bò ó.

“Ọ̀dàlẹ̀! O ti ná owó náà tán ni?” Ẹnì kan di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú, ó na ìka sí mi. “Adépọ̀jù ò wá bá ọ nílé láàárọ̀ yìí? Kí lo sọ fún un? Sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́!” Pákó ti wà lọ́wọ́ àwọn kan. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní kí wọ́n lọ gbé táyà wá. Gbogbo ojú kọ sí ọmọ náà. Òun wá gbójú sókè, ó wò mí. Mo rí i nígbà tó yé e. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu rẹ̀, orí mi ni pákó yẹn máa balẹ̀ sí. Ó wò mí, ó sì wo òkè orí mi. Ààyè wà fún mi láti sọ òtítọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ààyè wà! Mo pa ẹnu mi mọ́. Ọmọ náà ní, “Wọ́n wá. Èmi ni mo ní mi ò bọ̀.”

Orúnkún ni wọ́n kọ́kọ́ gbá a. Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Kò pe orúkọ mi, kódà nígbà tí wọ́n ń lù ú lórí ilẹ̀. Sherifat, kí Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, òun ló sáré wá da ara rẹ̀ bò ó, tó ń kígbe pé, “Ẹ pa mí mọ́ ọn!” Bí kò bá sí obìnrin yẹn, òkú ni ìbá jẹ́. Èmi gbé ọmọ mi, mo sá wọ ọkọ̀. Epo tí wọ́n gbàdúrà sí ni mo fi sá. A jábọ́ ní ìpele lọ́jọ́ yẹn, Gbémiga ò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí dòní. Mo padà sí ìdí pátákó ní ọjọ́ Ajé, mo ní, “Mo ti wí fún yín.” Lawrence, jókòó, jọ̀ọ́. Mo mọ̀. Jẹ́ kí n parí ẹ̀.

Lẹ́yìn tí dókítà sọ̀rọ̀, mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Gbémiga ti di olùkọ́ àgbà, ó ń tiro. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó sáré dì mí mú: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ gé ẹ̀mí mi kúrú ni?” Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún mi. Mo bi í léèrè ohun tó jẹ mí lọ́kàn ní gbogbo ọdún wọ̀nyí: kí ló dé tí kò fi sọ ọ́? Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí mo bi ní ìbéèrè ọmọdé. “Ẹ gbé ọmọ lé èjìká lọ́jọ́ náà,” ó ní. “Tí wọ́n bá kọjú sí yín, ṣé wọ́n máa rántí gbé e sọ̀ kalẹ̀?” Láàárín ariwo yẹn, pẹ̀lú pákó lórí rẹ̀, ó ráyè wo ọmọ ẹni tó tà á. Ta ni ó fún un ní irú ojú bẹ́ẹ̀? Motúnráyọ̀, má sunkún mọ́, ìwọ ni. Ìwọ ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rà.

Mo tọrọ àforíjì. Ó ní òun ti dárí jì mí láti ọjọ́ náà. Inú mi fúyẹ́, àfi ìgbà tó ń sìn mí dé ẹnu ọ̀nà tó dúró. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ ìyá mi nìkan ló kù.” Ó ní màmá òun, Àdùnní, kò béèrè ohunkóhun títí di ọjọ́ tó kù díẹ̀ kó kú. Màmá náà wá ní, “Gbémiga, ìdí ẹnu ọ̀nà lo jókòó sí láti ìdájí, bàtà rẹ wà lọ́wọ́ rẹ. Bí wọ́n bá wá lóòótọ́, èmi ìbá rí wọn. Kí lo fi pamọ́ fún mi? Ṣé o gbowó ni?” Gbémiga ní òun ò lè sọ fún un, torí àwọn àbúrò màmá náà lọ́kùnrin á wá sí Ìsìkàn, ẹ̀jẹ̀ á sì ṣàn. Ó kàn ní, “Mọ́mì, mi ò gbowó.” Màmá náà wò ó, ó yí ojú sí ògiri, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Mo ní kó mú mi lọ sí ibojì rẹ̀ kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, màmá mi ò lè gbọ́ mọ́. Àwọn tó lè gbọ́ wà ní Àkúrẹ́.” Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi dìde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa jiyàn bọ́ọ̀lù yín, ó dùn. Àmọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rí ohun tó dára tẹ́ ẹ sì ń gbàdúrà kó bàjẹ́ nítorí kí ẹ lè jàre, ẹ tètè padà sílé. Ẹ má dúró jẹ iṣu ní Ọ̀wẹnà. Mi ò bẹ̀ yín kí ẹ mú Ọláńrewájú nítorí àánú. Ẹ pè é wá síbí, kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ó rí i pé ojú bàbá rẹ̀ ló fi ń wo bọ́ọ̀lù. Tí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ dárí jì mí. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ bọ́ ìdọ̀tí yẹn kúrò lára orúkọ Gbémiga lónìí. Ẹni tó bá tún já èèyàn kulẹ̀ ní Àkúrẹ́ yìí, ẹ ní ó ṣe Adépọ̀jù fún un.